Ilẹ̀ Tó Ń Mì Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí èèyàn lè dúró ní Ìkọ̀tún kó máa wo igbó ọ̀nà Ẹ̀gan, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan wà ládùúgbò wa. Ilé tí wọ́n ti ń ta yìnyín ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Orí pákó ni wọ́n ń to yìnyín ńláńlá sí. Bí oòrùn bá mú, tí abẹ́ rẹ̀ yọ́, gbogbo rẹ̀ á yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbì! Ilẹ̀ á mì dé abẹ́ pẹpẹ, fìtílà á máa jó bí ẹni gbọ́ ìlù.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní á ní kí ẹnì kan ṣáà lọ wo ẹ̀yìn ilé. Ta ló ráyè? Wòlíì ní àjẹ́ ló ń gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ pẹpẹ, ó sì nàka sí opó kan tó ń ta ẹja, tó ń gbé yàrá kan nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ilé yìnyín yẹn gan-an lobìnrin yìí ti ń ra yìnyín tó ń kó ẹja sí. Ó kúnlẹ̀ nínú iyanrìn.

"Bàbá, yìnyín ló ń yọ̀ o. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó. Èmi àtọmọ mi ò níbòmíì."

Wòlíì ní, "Yìnyín tí mò ń rún lẹ́nu ló ń mi ilé Olúwa?"

Àwọn ìyá ìjọ rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan ní, "Ìyá ẹlẹ́ja, o ò tiẹ̀ mọ irọ́ pa, jàre!"

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n da ẹrù rẹ̀ síta. Ó pọn ọmọ, ó ru abọ́ ẹja, ó forí lé ọ̀nà Ìgàndó, omi ẹja ń kán sọ́mọ lórí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àbúrò wòlíì ti kó sí yàrá náà tòun ti ìyàwó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ilẹ̀ tún mì, gbì! Gbogbo ìjọ wo wòlíì. Wòlíì wo àbúrò rẹ̀. Ló bá gbé agogo, ó lù ú kíkankíkan.

"Ẹ hó ìhó ayọ̀! Áńgẹ́lì ló fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ yẹn!"

Wọ́n sì hó.

Ayé ti yí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé yìnyín ti di ilé epo. Láàárọ̀ yìí, ọmọ ọmọ mi gbé fóònù fún mi wò: ní ilẹ̀ òtútù kan, yìnyín tó tóbi bí òkè yọ̀ lójijì, ilẹ̀ mì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá mì sì gbọ́ ọ láwọn ìlú tó jìnnà réré síbẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ ṣe wàhálà gan-an kí wọ́n tó mọ̀ pé yìnyín ni. Ẹ̀rín pa mí. Wàhálà kí ni? Wọn ì bá kàn bi wòlíì tiwa: bí yàrá opó bá ṣì ń wu àbúrò rẹ̀, àjẹ́ ni; bó bá ti kó síbẹ̀, áńgẹ́lì ni.