Mọ́ọ̀tì tí Ìyá Mi Ń Gbé fún Àbúrò Mi

Ìyá mi gbà pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tó, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ni kó máa mu. Kì í ṣe òun nìkan, gbogbo ilé tí mo mọ̀ ní Ọ̀fà ló gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tí inú rẹ̀ ń wú, tí ìgbẹ́ gbuuru kò sì dáwọ́ dúró, ìyá mi kò bi ẹnikẹ́ni kó tó wá nǹkan ṣe. Ojoojúmọ́ ló ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé ọkọ àbúrò mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pólì, pẹ̀lú ìgò mọ́ọ̀tì nínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Á jókòó tì í títí á fi mu ún tán.

"Mu ún, ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ ni."

Àwa méjèèjì péré ló bí. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìntì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń jiyàn sí.

Inú àìsàn yẹn ni àbúrò mi ti lóyún. Ayọ̀ wa kò kéré. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mọ́ọ̀tì méjì dípò ẹyọ kan. Àmọ́ oyún náà bà jẹ́, kò tíì yọ síta tí aládùúgbò á fi mọ̀.

Àwọn kan ní táífọ́ọ̀dù ni, àwọn kan ní ọgbẹ́ inú. Ìlọrin la ti wá rí dókítà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tó ní ara rẹ̀ kò gba èròjà kan tí wọ́n ń pè ní gúlútẹ̀nì, tó wà nínú àlìkámà àti ọkà báálì. Báálì! Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ti ń gbọ́ orúkọ yẹn.

Dókítà ní, "Ẹ má jẹ búrẹ́dì mọ́, ẹ má jẹ sìpàgẹ́tì. Ẹ sì máa ka ara páálí àti agolo dáadáa. Ó máa ń wà nínú ohun tí ẹ ò ní fura sí."

Nígbà tí a délé, Mọ́mì wọ awò ojú rẹ̀, ó kó gbogbo ohun tó wà ní kíṣìnnì àbúrò mi sórí tábìlì. Kọ́rì tí wọ́n dì sí láílọ́ọ̀nù lọ́jà kò ní àkọlé kankan, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Páálí kan kọ "sítáàṣì" lásán, kò sọ bóyá ti ẹ̀gẹ́ ni tàbí ti àlìkámà. Òun náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú ìgò mọ́ọ̀tì, nítorí pé ó ṣáà wà níbẹ̀. Ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ara ìgò náà, ó dúró lójú kan. Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún kà á.

"Wá bá mi wò ó. Kí ni wọ́n kọ síbí?"

Mo wò ó. "Ọkà báálì ni, Mọ́mì."

"Báálì tí dókítà sọ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó jókòó. Àbúrò mi jáde láti yàrá, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Èmi ni," Mọ́mì wí. "Èmi ni mò ń gbé e wá."

Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Ẹ ò mọ̀, Mọ́mì. Ta ló mọ̀ nínú wa?"

"Oyún yẹn ńkọ́?"



Nígbà tí a padà lọ sí Ìlọrin, Mọ́mì fúnra rẹ̀ ló bi dókítà bóyá mọ́ọ̀tì ló ba oyún náà jẹ́. Ìyẹn ní kò sẹ́ni tó lè sọ, pé ọ̀pọ̀ nǹkan ló máa ń ba oyún jẹ́. Mọ́mì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Nínú bọ́ọ̀sì, ó kọjú sí fèrèsé títí a fi kọjá Àjàṣẹ́.

Ara àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í yá díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n Mọ́mì kò se oúnjẹ fún un mọ́ láé. Ọwọ́ òfo ló ń gbé lọ kí i.

"Mọ́mì, ọbẹ̀ ilá yín ń wù mí jẹ. Ilá, ata, iyọ̀ àti irú, kí ló tún kù níbẹ̀?"

"Ìwọ sè é, ọmọ mi. Ọwọ́ tìẹ ló dára."

Mo bá a jà lórí ẹ̀. Mo ní, "Ẹ ń fìyà jẹ ẹ́ ni, mà." Ó ní òun mọ̀. Kò sì yí padà.

Àìsàn àyà ló mú Mọ́mì lọ nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Kò pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀. Ní ọ̀sán tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó la ojú, ó wo àbúrò mi.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Kí lo jẹ?"

"Iṣu àti epo, mà. Mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i."

Ó mi orí pé ó dára, ó sì tún pajú dé.

Àbúrò mi ti sanra báyìí. Àwọn èèyàn ń kí i pé ara rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, ó ń dáhùn pé a dúpẹ́. Kò tíì rí oyún mìíràn. Lọ́jọ́ Sunday, a máa ń jókòó pọ̀ lẹ́yìn ìsìn, a sì máa ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àti àwọn ọmọ mi. A kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu kan Mọ́mì, nítorí bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹkún ni.