Abẹ́rẹ́ Ọjọ́ Méje Nítorí Ojúgun Mi

Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ òsì mi kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti wú, ó pọ́n, ó sì gbóná. Mo wá rántí pé lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, níbi tí a ti ń fọ́ kòkó lóko ní Atosin, àdá họ mí lójúgun. N kò kà á sí.

Ará Ìwó ni èmi àti Làmídì ọkọ mi, oko olóko là ń bá wọn dá ní Atosin yìí, ní Ìdànrè. Ó ra kápúsù fún mi ní kẹ́mísìtì. Mo lò ó fọ́jọ́ méjì, òtútù tún wá ń mú mi, pupa náà sì ń gun orókún bọ̀. Ló bá gbé mi sórí ọ̀kadà, ó di ọsibítù.

Oòrùn ti kan àtàrí kó tó kàn wá. Dókítà fi bírò fa ìlà yí ibi tó pọ́n ká. Ó ní kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí ló gba ojú ọgbẹ́ wọlé, tó ń ràn lábẹ́ awọ. Kápúsù kò ká a mọ́. Abẹ́rẹ́ apakòkòrò ni wọn yóò máa fún mi sínú iṣan, ọjọ́ méje gbáko.

"Dókítà, ṣé ẹ ò ní gé ẹsẹ̀ mi?"

"Mi ò tíì lè sọ, màmá. Ẹ jẹ́ ká wo ìlà yìí lọ́la."

Wọ́n ki ọ̀pá róbà tín-ín-rín bọ iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Bí nọ́ọ̀sì bá ti ń fún oògùn síbẹ̀, á ta mí dé ìgbọ̀nwọ́, ẹnu mi á sì korò. Lọ́jọ́ kejì, pupa ti kọjá ìlà. Mo sunkún. Lọ́jọ́ kẹta, ó dúró. Lọ́jọ́ kẹrin tó fà sẹ́yìn, mo ní kí wọ́n yọ ọ̀pá náà kí n máa lọ, kòkó ń bàjẹ́ lóko.

Nọ́ọ̀sì ní, "Tẹ́ ẹ bá dá a dúró báyìí, kòkòrò tó kù á gbójú, oògùn yìí lè má ràn án mọ́."

Mo ṣì ń jiyàn. Làmídì wò mí. "Ìyá Báyọ̀, kòkó á so lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ kì í so."

Mo dùbúlẹ̀ padà. Mo gba abẹ́rẹ́ náà pé.

Ẹ̀yin tí ọgbẹ́ kékeré bá gbóná sí lára, ẹ má dúró bí mo ṣe dúró. Ojúgun mi ṣì dúdú níbi tó ti bó. Ọdún méjìlélógójì lẹsẹ̀ yìí ti ń gbé mi kiri, n kò kí i rí. Ní báyìí, bí mo bá ń wẹ̀, mo máa ń rọra fọ̀ ọ́, mo sì máa ń sọ fún un pé ó ṣeun.