Ìyá Wùmí àti Ẹja Alámì Mẹ́ta

Ẹni tó bá fẹ́ fi Ìyá Wùmí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹja ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, kò ní wá ẹnìkejì tì. Àwọn ará blọ́ọ̀kù rẹ̀ ń sin ẹja àrọ̀ nínú agbada oníke lẹ́yìn ilé, tí Kérésìmesì bá dé wọ́n á pa á, ata á ta, ara á yá. Ìyá Wùmí ní tirẹ̀ to àpótí dígí sí báńkónì, ó kó ẹja tí kò gùn tó ìka ọwọ́ sínú wọn, kò sì sí èyí tí ènìyàn lè sè níbẹ̀. "Tíṣà, ìgbà wo la máa jẹ tiyín?" ni wọ́n máa ń bi í. Á ní kí wọ́n lọ jẹ ti ilé wọn.

Morọ́lá ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Èkìtì. Báyọ́lọ́jì ló fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé, òun àti Ọmọ́wùmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ló kù nínú fúláàtì náà. Obìnrin tí kì í gba ìgbàkugbà ni. Òfin kan ló fi lélẹ̀ fún àwọn àpótí dígí rẹ̀, kò sì yẹ̀ ẹ́ rí: ẹja tí kì í bá ṣe ti ìdílé kan náà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Epìyà kò wọ̀ ọ́, àrọ̀ kò wọ̀ ọ́.

Ìdílé àwọn ẹja wẹ́wẹ́ inú odò ni, àwọn tí ọmọdé máa ń fi agbọ̀n gbọ́n, tí ìyá wọn á ní kí wọ́n lọ dà padà nítorí pé kò tó í fi tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹ má fi ojú kékeré wò wọ́n o. Nínú gbogbo ẹja inú omi tí kò níyọ̀ tó wà láyé, agbo ilé tiwọn ló fẹ̀ jù. Wọ́n wà nílẹ̀ wa níbí, wọ́n kún Éṣíà, wọ́n wà ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà ti òkè. Ẹni tó bá ń wá odò ńlá tí Ọlọ́run kò fi wọ́n sí, kó máa lọ sí Amẹ́ríkà ti ìsàlẹ̀ tàbí Ọsirélíà. Èyí tó gùn ju ènìyàn lọ wà nínú wọn, èyí tí kò gùn tó èékánná sì wà. Ẹja aláwọ̀ góòlù tí wọ́n ń kó sí pálọ̀ ní Àjàó Estate, tí baba ńlá rẹ̀ ti Ṣáínà wá, mọ̀lẹ́bí ni. Ẹja onílà tín-ín-tín-ín ti Íńdíà, tí òyìnbó fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà sọ lórúkọ, mọ̀lẹ́bí ni. Àmì ìdílé wọn kò fara sin. Kò sí eyín lẹ́nu wọn, inú ọ̀fun ni eyín wọn wà. Lẹbẹ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn wọn. Wọn kò ní àpòlúkù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹun láti àárọ̀ dalẹ́ bí ọmọ tó wá lo ọlidé. Egungun wẹ́wẹ́ sì wà tó so àpò afẹ́fẹ́ inú wọn mọ́ etí, tí wọ́n fi ń gbọ́ ohun tí ẹja mìíràn kò gbọ́.

Ní ọjọ́ kan Ọmọ́wùmí kà á fún un lórí fóònù pé àwọn onímọ̀ ti pín agbo ilé náà sí wẹ́wẹ́, pé onílà ti Íńdíà kò sí lábẹ́ orúkọ àtijọ́ mọ́, ó ti ní ìdílé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú bí Ìyá Wùmí gidi.

"Ta ló rán wọn níṣẹ́? Wọ́n pín ilé onílé láìpe ìpàdé ẹbí! Èmi ò lé ẹnikẹ́ni jáde o."

Onílà sì wà nínú àpótí dígí títí dòní.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe aláwọ̀ góòlù, kì í sì í ṣe onílà, ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Mọ̀lẹ́bí wọn kan wà nínú odò ìlú rẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń pè ní alámì-mẹ́ta. Ara rẹ̀ funfun bíi ṣíbí tuntun, àmì dúdú mẹ́ta tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irun tín-ín-rín sì wà ní igun ẹnu rẹ̀. Láàárọ̀, kí wọ́n tó lọ sílé ìwé, òun àti Àjíbíkẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gbé garawa lọ sódò náà. Bí wọ́n bá ti pọn omi tán, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ ibi tí omi ò ti jìn, wọ́n á dúró láìmira. Àwọn alámì-mẹ́ta á kọ́kọ́ sá. Nígbà tó bá yá wọ́n á rọ́ padà ní ọ̀wọ́, wọ́n á máa fi ẹnu tọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn wò, ó ń dùn, ó ń yún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ló máa gbé garawa méjèèjì délé, á ru ọ̀kan, á fa ọ̀kan lọ́wọ́. Àjíbíkẹ́ lè di ẹnu pọ̀ bí ẹni tó ń gbààwẹ̀. Morọ́lá kò lè ṣe é láé. Òun ló ń gbé omi lójoojúmọ́, ọrùn á máa ro ó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa ju apá lọ níwájú bí ọmọ ọba.

Orí ìkúnlẹ̀ ni Àjíbíkẹ́ kú sí, nígbà tí Morọ́lá wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Kó tó délé, wọ́n ti sin ín. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kan tó ṣẹ́ kù, ohùn rẹ̀ pàápàá ti ń fò Morọ́lá lórí. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an ni. Ó ti bímọ, ó ti sin ọkọ, ó ti di ìyá àgbà láàárín ìjọ, síbẹ̀ ọjọ́ wà tí àárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á mú un tí oúnjẹ kò ní í lọ lọ́nà ọ̀fun. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì jọ máa ń tẹjú mọ́, tó sì ṣeé ṣe kó ṣì wà láyé, ni ẹja yẹn. Odò wọn kọ́, odò wọn ti lọ. Àwọn awakọ̀ típà ti kó gbogbo yanrìn inú rẹ̀ tà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rọ èyí tó kù di gọ́tà. Nígbà tó lọ sílé gbẹ̀yìn, pámpà ọmọ ọwọ́ àti ọ̀rá ló ń léfòó níbi tí wọ́n ti ń ki ẹsẹ̀ bọ omi.

Ojú ló wá mú ọ̀rọ̀ náà le. Dókítà ní àrùn tó ń jí ìríran gbé lọ láìsí ìrora ni. Ti òsì ti lọ tán kó tó fura. Ti ọ̀tún ń tẹ̀lé e, oògùn tí Ọmọ́wùmí ń kán sí i kàn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra lọ ni. Ìyá Wùmí kò gbàdúrà pé kí ojú òsì padà, ó mọ báyọ́lọ́jì ju ìyẹn lọ. Ohun tó ń tọrọ ni kí òun rí alámì-mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ojú tó kù tó fọ́.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Salimat lọ, ọmọbìnrin tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní Àjàó Estate. Àwọn apẹja odò kéékèèké máa ń kó ẹja wá fún Salimat láti ìgbèríko, á dì wọ́n sínú ọ̀rá tó fi afẹ́fẹ́ kún, ọkọ̀ òfurufú á gbé wọn lọ sókè òkun.

"Mọ́mì, ẹja yẹn ò lè sell o," Salimat sọ. "Color ni àwọn customer mi ń wá."

"Èmi kì í ṣe kọ́sítọ́mà, ìyá ẹ ni mí. Bá mi wá a."

Nígbà àkọ́kọ́, Salimat gbé ọ̀rá kan dé tayọ̀tayọ̀, ẹja funfun wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Ìyá Wùmí gbé e sí oòrùn, ó fi ojú ọ̀tún wò ó pẹ́. Ó rí àmì dúdú kan nídìí ìrù, kì í ṣe mẹ́ta. Ó tún rí lẹbẹ kékeré ọlọ́ràá kan lẹ́yìn èyí tó yẹ kó dá wà. Ó mú ọ̀kan, ó fi èékánná kan ètè rẹ̀: eyín.

"Ọmọ mi, àlejò lèyí. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ló kún odò Amẹ́ríkà ti ìsàlẹ̀."

"Háà, Mọ́mì! Gbogbo wọn ṣáà jọra now."

"Aṣọ tí wọ́n wọ̀ ló jọra."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí Salimat lọ, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Òjò ti dé, odò ti kún, àwọn apẹja ní ó di ìgbà tí omi bá fà kí àwọn tó lè tún wá a. Ìyá Wùmí bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Bí òjò bá ti ń rọ̀, inú á máa bí i sí òjò. Láàárín ìgbà náà ó ń kọlu ẹnu ọ̀nà, ó ń da oúnjẹ ẹja sílẹ̀ dípò inú omi, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan kan sí i nípa rẹ̀.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí Salimat dé ní ọ̀sán Sátidé kan, tó ń pariwo láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Mọ́mì! Wọ́n ti dé o! I swear, àwọn gan-an ni!"

Ọmọ́wùmí, tí kò lọ síṣẹ́, tẹ̀lé ìyá rẹ̀ jáde sí báńkónì. Ìyá Wùmí gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ Salimat. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó fà á mọ́ ojú títí imú rẹ̀ fi kan ọ̀rá. Ìmọ́lẹ̀ ló rí, ìmọ́lẹ̀ tó ń mira, kò rí nǹkan mìíràn.

"Wùmí, àmì mélòó ni?"

"Mẹ́ta, Mọ́mì. Mẹ́ta mẹ́ta ló wà lára gbogbo wọn."

"Mi ò rí ìkankan."

Ó tú ẹnu ọ̀rá, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó rọra mú ọ̀kan. Ètè rẹ̀ rọ̀, kò sí eyín. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ṣoṣo ni. Àwọn ni lóòótọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dun ún jù. Ó jókòó sórí àga, omijé ń ṣàn lójú tó ríran àti èyí tí kò ríran. Salimat kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé òun ló fọ́ ọ lójú. "Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé," ni Ìyá Wùmí ń sọ ṣáá. "Wọ́n pẹ́ jù."

Ọmọ́wùmí gba ọ̀rá náà, ó fẹ́ tú wọn sínú àpótí dígí pẹ̀lú àwọn yòókù. Ìyá rẹ̀ gbé orí sókè.

"Dúró ná. Bàsíà tí a fi ń fọ bẹ́dṣíìtì dà?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Mọ́mì?"

"Gbé e wá. Má bu omi ẹ̀rọ sí i o, kẹ́míkà inú rẹ̀ á pa wọ́n. Omi inú àpótí dígí ni kí o bù."

Wọ́n gbé bàsíà síwájú rẹ̀, wọ́n bu omi sí i, wọ́n tú àwọn alámì-mẹ́ta sínú rẹ̀. Ìyá Wùmí bọ́ bàtà, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi. Salimat fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ dákẹ́," ó ní. "Wọ́n ń gbọ́."

Ẹja náà ti sá lọ ṣù jọ sí igun kan. Ìyá Wùmí kò mira. Ọkọ̀ òfurufú kan kọjá lókè, ó ń lọ balẹ̀, gbogbo báńkónì gbọ̀n, kò mira. Ó pẹ́ díẹ̀. Ọmọ́wùmí ti ń wo ìyá rẹ̀ tìfuratìfura.

Nǹkan kan kàn án ní gìgísẹ̀. Òmíràn kan ọmọ ìka tó kéré jù. Lẹ́yìn náà wọ́n rọ́ dé ní ọ̀wọ́, ètè wẹ́wẹ́ tí kò léyín, ó ń dùn, ó ń yún. Ìyá Wùmí di ẹnu pọ̀. Ó di ojú pọ̀. Ó di àga mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń gbìyànjú, ó ń gbìyànjú gidi. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ó dáa, Àjíbíkẹ́," ó ní, ó sì ń nu ojú. "Ó dáa. Èmi náà ni n óò gbé omi."