Orin Tí Wọ́n Kọ Sínú Kànga

Kànga gbígbẹ́ ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Tẹ́ẹ́rẹ́ fi ń jẹun. Orúkọ náà bá a mu. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́, kó tètè di ògiri mú. Ṣùgbọ́n ara tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń wá kiri: ibi tí ẹlòmíràn kò ti lè yí ọrùn, òun á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, á gbé ṣọ́bìrì, á máa bá iṣẹ́ lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣe é. Láti ọdún mọ́kànlá, àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a fa okùn lókè.

Àna rẹ̀ yìí sanra, kì í sì í sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ á ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n." Bí iṣẹ́ bá parí, á ní, "Ó dàárọ̀." Láàárín méjèèjì, okùn ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bí Tẹ́ẹ́rẹ́ bá fà á lẹ́ẹ̀kan, erùpẹ̀ ti kún korobá nìyẹn. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, omi ló fẹ́ mu. Tẹ́ẹ́rẹ́ ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọkùnrin náà kò fẹ́ràn òun. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ fún un pé, "Bó ṣe wà nìyẹn. Láti kékeré ló ti di ẹnu rẹ̀ pa."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n ń gbẹ́ kànga lẹ́yìn ilé nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlọ́gbọ̀n. Ilẹ̀ ibẹ̀ le lókè, àmọ́ iyanrìn tútù ló wà nísàlẹ̀, irú èyí tí kì í di ara rẹ̀ mú. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ rìngì kọnkéré, èyí tí kì í jẹ́ kí ògiri kànga ya, sí i kó tó tún gbẹ́ ẹ síwájú. Tẹ́ẹ́rẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Ó kàn ní kí òun gbé korobá mẹ́ta sí i ná.

Ìkejì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi gbọ́ ìró kan lẹ́yìn, bí ẹni ń da ìrẹsì sínú páànù. Kò tíì yíjú tí iyanrìn fi dé orúnkún rẹ̀. Ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbé. Iyanrìn dé ìbàdí, ó dé àyà, ó wá dúró sí abíyá rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kù lóde pẹ̀lú orí rẹ̀. Korobá àti ìsàlẹ̀ okùn ti wọlẹ̀ lọ.

Ó fẹ́ pariwo, kò lè pariwo. Ó ti rí i pé bí òun bá tú èémí jáde, iyanrìn á sún mọ́ òun díẹ̀ sí i, bí òun bá sì tún fẹ́ mí sínú, kò ní sún sẹ́yìn mọ́. Ó wá ń mí ní kéékèèké bí adìẹ tí oòrùn ń pa. Ìtọ̀ bọ́ lára rẹ̀, kò tilẹ̀ ráyè tijú.

Lókè, àna rẹ̀ fa okùn, okùn kò wá. Ó yọjú. "Ẹ̀gbọ́n?"

"Má fà á," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí láti ìsàlẹ̀. "Má dúró sétí ibẹ̀ yẹn."

Àna rẹ̀ fà sẹ́yìn. Ó gbé pákó gígùn méjì dábùú ẹnu kànga, ó sì dojú bolẹ̀ lé wọn lórí, kí ìwúwo òun má baà já etí ilẹ̀ wọlé. Nọ́ọ̀sì sáré jáde tòun ti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó pe àwọn panápaná. Wọ́n ní iná kan ń jó ní òdìkejì ìlú, ó di wákàtí kan kí àwọn tó lè dé.

"Má jẹ́ kó sùn o," ni nọ́ọ̀sì wí fún àna Tẹ́ẹ́rẹ́. "Má sì jẹ́ kó máa mí sáré. Máa bá a sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ, mà?"

"Bi í pé orin wo ló fẹ́ràn jù. Ohun tí mo máa ń bi àwọn tó ń lọ fún iṣẹ́ abẹ nìyẹn. Bi í pé ibo ló ti gbọ́ ọ."

Báyìí ni ẹni tí kò sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ láti ọdún mọ́kànlá ṣe na ọrùn sínú ihò, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orin wo lẹ fẹ́ràn jù?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ rò pé orí òun ti ń dàrú. "O ní kí ni?"

"Orin. Ẹ má kọ ọ́ o. Ẹ ṣáà rọra sọ ọ́."

Iyanrìn ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ara ògiri, ó ń wọ ọ́ létí. Tẹ́ẹ́rẹ́ di ojú. Orin kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn, orin tí kò kọ sétí ẹnikẹ́ni rí. Ó ń sọ ọ́ ní ìwọ̀n èémí tó ní:

"Òjò, rọra,
aṣọ aláṣọ kò tíì gbẹ.
Bó o bá máa rọ̀, rọ̀ sóko,
má rọ̀ sórí okùn mi."

"Ìyá mi ló ń kọ ọ́," ló wí. "Aṣọ ló ń fọ̀ fáwọn èèyàn. Lọ́jọ́ kan, òjò ò gbọ́. Ó rọ̀ sí gbogbo ẹ̀. Mo rò pé á sunkún. Ó kàn jókòó sábẹ́ aṣọ tútù yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wá jókòó."

"Ẹ sì jókòó?"

"Mo jókòó."

Ìṣù iyanrìn kan ya lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dé egungun ọrùn rẹ̀. "Mò ń kú lọ," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí.

"Ẹ ò ní í kú."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Àna rẹ̀ fà síwájú lórí pákó. Lẹ́yìn náà ni ohùn tún wá láti òkè. "Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Tèmi ò lọ́rọ̀ nínú. Bàbá wa ló máa ń súfèé rẹ̀ tó bá ń fá irùngbọ̀n. Ọmọ ọdún méje ni mí lọ́jọ́ tó lọ. Mo jí, mo rí i pẹ̀lú báàgì lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní abẹ ìfárùngbọ̀n lòun fẹ́ lọ rà. Ó ń súfèé orin yẹn títí tí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. A ò tún rí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo sọ fún ìyàwó yín pé mò ń sùn ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo rí bàbá, tí mi ò dá a dúró. Bí mo bá ti fẹ́ la ẹnu báyìí, ó máa ń dà bíi pé ọ̀rọ̀ yẹn ló máa kọ́kọ́ bọ́ jáde."

Tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní èémí tó fi lè dá a lóhùn. Ó ní, "Súfèé ẹ̀."

Àna rẹ̀ súfèé. Ìró rẹ̀ ń dún lára ògiri kànga, ó ń falẹ̀ bọ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ so èémí rẹ̀ mọ́ ọn: bí orin bá ròkè, ó mí sínú, bó bá wálẹ̀, ó mí síta. Nígbàkígbà tí àna rẹ̀ bá dúró kó lè fi itọ́ ra ètè, Tẹ́ẹ́rẹ́ á ní, "Má dúró. Jọ̀ọ́, má dúró."

Nígbà tí àwọn panápaná dé, wọ́n sọ obìnrin kan lára wọn tí kò sanra ju Tẹ́ẹ́rẹ́ lọ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn. Agolo ló fi ń kó iyanrìn lára rẹ̀, agolo kan lẹ́yìn òmíràn, títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n fa Tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, egungun ìhà rẹ̀ méjì ló ti kán.

Egungun jinná, ẹ̀rù kò jinná. Tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè da aṣọ bo àyà sùn mọ́. Kì í ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ẹ̀rù mìíràn tún wá kún un: ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Nọ́ọ̀sì sọ pé orin lẹ̀ ń sọ fún ara yín," ló wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń lọ aṣọ. "Orin wo ni tàbúrò mi?"

Àyà Tẹ́ẹ́rẹ́ há bí ìgbà tó wà nínú iyanrìn. "Òun ló ni ín. Òun ló máa sọ ọ́."

Ó lọ bá àna rẹ̀ nílé. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ń béèrè."

"Wọ́n á kórìíra mi."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí. "Dìde, jẹ́ ká jọ lọ."

Nígbà tí wọ́n délé Tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ọkùnrin sísanra náà dúró sí tó ti ń sọ ọ́, kò sì gbójú sókè. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

"Ṣé bàbá wo ibi tí mo sùn sí kí wọ́n tó lọ?"

"Wọ́n wò ó díẹ̀."

"Súfèé ẹ̀ kí n gbọ́."

Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbìyànjú tí atẹ́gùn lásán jáde, ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó di orin. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin. "Ọmọ ọdún méje," ló wí. "Ta ni ọmọ ọdún méje lè dá dúró?" Ó gbé áyọ́ọ̀nù padà sórí aṣọ.

Tẹ́ẹ́rẹ́ kò wọ kànga mọ́. Páìpù omi ni òun àti àna rẹ̀ ń tò báyìí, àna rẹ̀ sì ti di elẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Kòtò páìpù kì í jìn. Síbẹ̀, bó bá ti dé orúnkún Tẹ́ẹ́rẹ́, á jáde, á jókòó sórí koríko títí àyà rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Àna rẹ̀ kì í sọ fún un pé kó má bẹ̀rù. Á kàn wá jókòó tì í.