Fọ́tò Tí A Yà Létí Omi Ìtapàjí

Nígbà tí dókítà ní kí a máa gbé àbíkẹ́yìn wa lọ sílé láti ọsibítù ní Ìdó, ohun tí ọkọ mi kọ́kọ́ sọ nínú ọkọ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ ya fọ́tò, gbogbo wa pátá, tọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fi orí ti gíláàsì. Oorun ló ń wù mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sùn lórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ, tí mo ń ta jí bí ó bá ti wúkọ́ díẹ̀.

Ilé fọ́tò kan ní Ìkọ̀lé la kọ́kọ́ lọ. A ò tíì wọlé tán tí ọmọ fi rí aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri àti iná ńlá tó dúró tì í. Ó ké tòò, "Abẹ́rẹ́! Abẹ́rẹ́!" Ó rò pé ọsibítù la tún gbé òun padà sí. Ó dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ń gbọ̀n. A yí padà.

Obìnrin tó ni ilé fọ́tò náà sáré bá wa lẹ́nu ọkọ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká yà á níta, níbi tí àwọn ọmọ á ti lè ṣeré. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá sílé, kí wọ́n mọ ojú mi."

Ó wá lóòótọ́, kò gbé kámẹ́rà dání. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní yàrá ìgbàlejò wa, ó ń bi mí léèrè: ìgbà wo ni wọ́n máa ń sùn lọ́sàn-án? Kí ni wọ́n ń jẹ tínú wọn fi ń dùn? Eré wo ni ọmọkùnrin yín fẹ́ràn jù?

Mo ní bọ́ọ̀lù ni.

"Mi ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́," ọmọkùnrin mi, ẹ̀gbọ́n àbíkẹ́yìn, dá mi lóhùn. "Ìfófó ọṣẹ la máa ń fẹ́ báyìí. Màmá mọ̀ ọ́n."

Ìyá ọkọ mi ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà ní gbogbo àsìkò tí mo fi wà ní Ìdó. Èmi tí mo bí wọn, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣeré mọ́. Mo dìde bí ẹni fẹ́ lọ wo ìkòkò lórí iná. Kò sí nǹkan kan lórí iná.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la fi àdéhùn sí, létí omi dáàmù Ìtapàjí, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn jí tí wọ́n sì ti jẹun yó. Èmi ló lọ aṣọ, èmi ló din pọ́fù-pọ́fù, èmi ló ká ẹní sẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí Màmá rí ańkárá àtijọ́ tí mo kó jáde, ó bojú jẹ́.

"Ìyàwó mi, ọmọ tí Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa padà, ṣé aṣọ tó yẹ ẹ́ rèé?"

"Màmá, kí wọ́n lè jókòó sínú koríko ni."

Ó wá fìlà òwú kan, ó fi dé àbíkẹ́yìn lórí, kó lè bo ibi tí wọ́n fá ní ọsibítù nígbà tí wọ́n ń wá iṣan tí wọ́n máa fa omi sí.

Nígbà tí a débẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ wá láti orí omi. A jókòó jìnnà sí bèbè. Obìnrin onífọ́tò pín ọṣẹ pípò àti igi ewé ìbẹ́pẹ tó níhò nínú fún àwọn méjì tó dàgbà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fẹ́ ìfófó, wọ́n ń lé e kiri. Àbíkẹ́yìn kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀ lára mi. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Mo tẹ́ ẹní, mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo ní kí n kàn dijú díẹ̀.

Nígbà tí mo lajú, oòrùn ti wọ̀, wọ́n ti ń kó ẹrù.

"Ó rẹ́rìn-ín," ni ọkọ mi wí. Láti ọjọ́ tí àìsàn ti mú ọmọ yẹn, a ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fẹ́ ìfófó sí i lórí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ jí ọ, Màmá ní kí n fi ọ́ sílẹ̀."

Inú bí mi. Mo wo Màmá.

"Ìwọ náà ṣàìsàn yẹn," ó ní. "A ò kàn gbé ẹ sí bẹ́ẹ̀dì ni."

Nígbà tí fọ́tò jáde tí obìnrin náà gbé e wá sílé wa, mo rí ohun tí oorun fi du mí. Ọmọ ti ṣí fìlà, ojú ibi tí wọ́n fá hàn gbangba, ìfófó wà lórí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Ní ìsàlẹ̀, èmi nìyí, mo la ẹnu sílẹ̀, fìlà òwú wà lójú mi. Obìnrin onífọ́tò ní òun lè gé mi kúrò tí mo bá fẹ́.

Mo ní kó fi mí síbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo jáde lọ ká aṣọ lórí okùn, òjò ti ń ṣú.