Ẹ Kú Iṣẹ́ ní Ilé Àwọn Arúgbó

Nígbà tí wọ́n ṣì ń gbẹ́lẹ̀ fún reluwé tuntun ní Woolwich nílùú òyìnbó, mo rí iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan níbẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣe é wò ná. Bí ìwà mi bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á gbà mí. Ọkàn mi wà lórí iṣẹ́ yẹn gan-an. Yàrá kan ṣoṣo là ń gbé ní Thamesmead, èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa jòjòló. Tí ọmọ bá yí padà lórí ibùsùn, gbogbo wa la jọ ń yí.

Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì tó mi í fi ṣèdánwò. Àmọ́ èyí tí wọ́n fi ń júwe èèyàn níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Bàbá tó ń kùn lórí tíì rẹ̀, "grumpy" ni. Màmá tó ń yọjú lójú fèrèsé wo ẹni tó ń bọ̀, "nosy" ni. Mo ń kó wọn relé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi wọ́n júwe ọkọ mi. Á ní, "Èwo lo tún gbé dé fún mi lónìí?"

Lọ́sẹ̀ kejì ni mo gbọ́ tèmi. Mo ń kó aṣọ kọjá lẹ́nu ọ́fíìsì, mo gbọ́ tí màníjà wa, obìnrin òyìnbó kan tí kì í jókòó, dárúkọ mi. Ó ní mo mọ iṣẹ́ ṣe, "but she's a bit patronising." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ò yé mi, "but" yẹn sì já mi láyà.

Mo gba ọ̀dọ̀ Auntie kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ó ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́.

"Auntie, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní patronising?"

"Ta ló pè ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Màníjà wa ni, mà."

"Ó ní ò ń ṣe sí òun bí ọmọdé nìyẹn. Kí lo ṣe fún un?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, mà! Mo kàn máa ń kí i ni. Tí mo bá bá a lẹ́nu iṣẹ́, màá ní, 'Well done, ma.'"

Auntie ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Ìwọ ọmọ yìí! Ò ń fún ọ̀gá rẹ ní máàkì! Ọmọdé tó bá jẹun tán ni òyìnbó ń sọ ìyẹn fún o."

"Ṣé kí n wá máa wò ó níran ni, mà?"

"Máa wò ó níran."

Mo pa ẹnu mọ́. Ó nira fún mi, torí láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Mo ń kọjá lára màníjà bí ẹni tá a jọ ń bínú. Nígbà tó di Fúráìdé, ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní ṣé kò sí nǹkan nílé, torí mo ti di "moody".

Èyí mo mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń fajú ro láìnídìí. Mo kí i, ó di ẹjọ́. Mi ò kí i, ó tún di ẹjọ́! Ẹ̀rín pa mí. Mo wá ṣàlàyé fún un: nílé wa, a máa ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a máa ń kí ẹni tó jókòó, a máa ń kí ẹni tó ṣe irun tuntun. "Well done" ni mo rí fi dípò ẹ kú iṣẹ́, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ò ní tirẹ̀.

Ojú tì í, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n. "Oh, love," ó ní, bí ẹni ń pe olólùfẹ́ rẹ̀. Ó wá bi mí pé tí wọ́n bá kí èèyàn ní ẹ kú iṣẹ́, kí ló máa fi dáhùn?

Mo ní, "O o, ẹ ṣé."

Ó gbìyànjú ẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí tíì gbígbóná jó o lẹ́nu. Ó wá ní kí n máa bọ̀ ní Mọ́ńdè, wọ́n ti gbà mí.

Mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi kanlẹ̀. Obìnrin náà fò dìde, ó di apá mi mú, ó ń pariwo pé kí wọ́n bu omi wá.

Mo ní, "No, ma. Mo kàn ń dúpẹ́ ni."