Màmá Kọ́tìnì, Ẹ Tún Ilé Gbogbo Ènìyàn Tò, Ó Ku Tiyín

Yéè, Màmá! Ó mà dìgbà o, Àjọkẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, ìyàwó Ìkòròdú, ìyá Ṣadé, ìyá Dàpọ̀. Ó dìgbà kan ná.

Orí ìdúró ni mo wà tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo gbìyànjú láti jókòó, ara mi kọ̀ ọ́. Mo kọ ìlà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo ká aṣọ tí kò tíì gbẹ, mo kó o wọlé, mo tún kó o padà lọ sá. Ẹni tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú yìí ti ń pè mí láti àárọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ nìkan ló kù. Mo ní kó ṣe sùúrù, ọmọ Màmá Kọ́tìnì ni mí, èmi náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sójú kan. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìjà ń lọ nílé wa. Bàbá Àgbà, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá wa, fẹ́ kí wọ́n kó gbogbo ohun tó wà nínú pálọ̀ yín jáde, kí wọ́n lè tẹ́ yín síbẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá wò yín kẹ́yìn. Èmi ní kò ṣeé ṣe. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ìwé yìí ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó bá wá síbi ìsìnkú yín.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, iṣẹ́ màmá wa ni kí wọ́n wọ ilé onílé, kí wọ́n wo bí àga, tábìlì, iná àti aṣọ ojú fèrèsé ṣe wà, kí wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ tò títí ilé náà á fi tu onílé lára. Iṣẹ́ náà ní orúkọ Òyìnbó gígùn kan tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù wọn, ṣùgbọ́n láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, Màmá Kọ́tìnì ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ.

Màmá, ta ni kò mọ̀ yín? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú láàárọ̀ kùtù, tí ẹ ó lọ yan aṣọ ní Èkó, tí ẹ ó sì ti padà dé kí oúnjẹ ọ̀sán wa tó tutù. Ẹ̀yin tí ẹ mú ẹní tí àwọn ìyá Ìlàjẹ ń hun létí ọ̀sà, tí ẹ kọ́ ọ sára ògiri ilé àwọn olówó, tí àwọn olówó ń bi yín pé òkè òkun wo ni ẹ ti rà á. Ẹ kì í jókòó. Ẹ máa ń jẹun ní ìdúró, ẹ máa ń gbàdúrà ní ìrìn. Bí a bá lọ kí ènìyàn, kí wọ́n tó gbé omi wá fún wa, ẹ ti wọ́ àga wọn kúrò níwájú fèrèsé. Ìyàwó pásítọ̀ wa tiẹ̀ rojọ́ yín nígbà kan. Ó ní òun kàn jáde lọ ra búrẹ́dì ni, ìgbà tí òun fi máa padà dé, òun ò dá yàrá òun mọ̀ mọ́. Kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́ pè yín pé kí ẹ wá ṣe yàrá kejì.

Ṣùgbọ́n pálọ̀ tiyín, ẹ kì í fọwọ́ kàn án.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kọ́tìnì nìkan lẹ ń rán, ara pálọ̀ wa lẹ sì ti ń tẹ́ gbogbo ìtara yín lọ́rùn. Bàbá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, á ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, “Àjọkẹ́, níbo ni mo máa jókòó sí lónìí?” Lẹ́yìn náà ni èéyi mú Dàpọ̀ àbúrò mi, ó sì gba ojú rẹ̀ lọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í táràrà káàkiri ilé, ó fi iwájú orí gbá tábìlì onígíláàsì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sí àárín ilé. Ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo ojú rẹ̀. Ẹ kò sunkún. Ẹ fi aṣọ kọ́tìnì tó wà lọ́wọ́ yín di orí rẹ̀, ẹ gbé tábìlì náà síta, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ilé náà lákọ̀tun. Ẹ dijú, ẹ ń rìn láti ẹnu ọ̀nà lọ sí ilé ìdáná, ẹ ń rìn láti ilé ìdáná lọ sí yàrá, ohunkóhun tó bá kọ lù yín, ẹ gbé e kúrò lọ́nà. Ẹ tẹ́ ẹní sí ọ̀nà ilé ìdáná, ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì sí ọ̀nà yàrá, kí ẹsẹ̀ Dàpọ̀ lè máa sọ ibi tó dé fún un. Nígbà tí ẹ ṣe tán, ẹ pe gbogbo wa jọ, títí kan bàbá wa, ẹ ní, “Ibi tí nǹkan wà yìí náà ni yóò máa wà. Ẹni tó bá sún àga nínú ilé yìí, èmi àti ẹ̀ ni.”

Ilé tí ẹ tò fún ọmọ yín yìí ló di iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ yín mọ́. Àwọn tó wá kí wa ló ń sọ pé ara àwọn máa ń balẹ̀ níbí, kí ẹ jọ̀ọ́ wá bá àwọn ṣe tàwọn. Dídijú rìn náà lẹ gbé lọ sílé wọn. Mo tẹ̀ lé yín lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ẹ̀pẹ́ tó kọ́lé sétí ọ̀sà, tó ra àga kan tó ga bí ìtẹ́ ọba, tó sì gbé e sí ìdojúkọ ẹnu ọ̀nà. Ẹ dijú, ẹ rìn wọlé, àga náà sì gbá yín lórúnkún. Ẹ fọwọ́ ra orúnkún, ẹ ní, “Alàgbà, àga yìí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá kí yín o.” Bàbá náà bínú, ó ní ṣé ẹ mọ oye tí òun rà á ni. Nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá ṣọdún, tí wọ́n ń kọ lu àga náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pè yín lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, ó ní, “Màmá Kọ́tìnì, ẹ dákun, ẹ wá bá mi gbé e.” Nígbà tí a ṣe é tán, a gba Ọjà Olúwo kọjá kí ẹ lè ra ẹja gbígbẹ tí Dàpọ̀ fẹ́ràn, ẹ̀rín àga náà lẹ sì ń rín títí tí ẹlẹ́ja fi bèèrè pé kí ló ṣe màmá yìí.

Síbẹ̀, mo máa ń rí yín, Màmá. Mo rí i pé ọwọ́ ń yún yín. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ ó dúró sẹ́yìn àga ńlá tó wà nínú pálọ̀ yín, ẹ ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ẹ ó wo fèrèsé, ẹ ó wo àga, ẹ ó mí kanlẹ̀, ẹ ó sì fi í sílẹ̀. Oòrùn ti gba àwọ̀ apá kan àga náà, ó ti funfun. Àwọn oníbàárà ń fún yín ní àga tuntun, ẹ̀yin ń fi ta àwọn ẹlòmíràn lọ́rẹ. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ kan pé Dàpọ̀ ti di àgbàlagbà, ó ń dá wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lọ sí Industrial Estate níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ sí, ó ń dáhùn fóònù fún odidi ilé iṣẹ́, kò sọnù rí, ẹ jẹ́ ká yí pálọ̀ yìí padà díẹ̀. Ẹ wò mí, ẹ ní, “Ṣadé, gbogbo ibi tí àbúrò ẹ ń lọ ló ti ń bèèrè ọ̀nà. Ó yẹ kí ibì kan wà tí kò ti ní bèèrè.” Láti ọjọ́ náà, mi ò dá a lábàá mọ́.

Nígbà tí wọ́n wá pè mí láti Ẹ̀pẹ́ pé màmá mi jókòó sórí àga oníbàárà, wọn ò sì dìde, mi ò bèèrè ohunkóhun mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé. Ẹ̀yin, kí ẹ jókòó sílé onílé lọ́sàn-án gangan! Ọkàn yín ló daṣẹ́ sílẹ̀. Kí èmi àti Dàpọ̀ tó dé ilé ìwòsàn, ẹ ti lọ.

Ọ̀rọ̀ ìjà wa nìyí. Bàbá Àgbà ní, “Ṣadé, ìyàwó wa ni. Ta ló ń tẹ́ ìyàwó síta bí ẹni tí kò nílé? Inú pálọ̀ ọkọ rẹ̀ ni yóò ti gba àlejò.” Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n jẹ́ ká tẹ́ yín sí gbọ̀ngàn ìjọ. Wọ́n ní ó tì. Àwọn tó ń tọ́jú òkú wá wo pálọ̀, wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì àti òdòdó ò lè gba ibẹ̀ àyàfi bí gbogbo nǹkan bá jáde. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo káwọ́ gbera, mo ní kò sẹ́ni tó máa gbé àga kan kọjá mi. Mo bi wọ́n pé bí wọ́n bá kó o jáde tí wọ́n sì tò ó padà ní ìtòkutò, ibo ni wọ́n fẹ́ kí Dàpọ̀ fẹsẹ̀ lé. Inú ń bí mi sí gbogbo wọn, inú ń bí mi sí ẹ̀yin náà, Màmá, tí ẹ lọ láìsọ bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Dàpọ̀ ní tirẹ̀ jókòó sí àyè rẹ̀, ó ń gbọ́ wa.

Ibi tí mo kọ ọ̀rọ̀ yìí dé lánàá nìyẹn. Ìbínú ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún atẹ̀wé pé kó fi ti àná sílẹ̀ bó ṣe wà, kó fi tòní kún un.

Láàárọ̀ yìí, mo ń po ẹ̀kọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ nílẹ̀ nínú pálọ̀. Mo sáré jáde, orógùn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo rò pé Bàbá Àgbà ti kó àwọn géńdé wá. Dàpọ̀ ni mo bá. Ó ti yọ àga ńlá yín kúrò láyè rẹ̀, ó ń fà á lọ sẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó.

Mo ní, “Dàpọ̀! Ta ló ní kí o ṣe é?”

Ó ní, “Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Àǹtí mi, ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Mo máa ń gbọ́ Màmá. Wọ́n á dúró sẹ́yìn àga yìí, igi rẹ̀ á dún díẹ̀, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á wá lọ. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Ó wù mí kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n sún un, kò sóun tó máa ṣe mí. Ṣùgbọ́n nítorí mi ni wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀, ó dùn mọ́ mi, mi ò lè sọ ọ́. Ẹ bá mi di ẹ̀gbẹ́ kejì mú.”

Mo bi í pé báwo ló ṣe máa máa rìn nínú ilé.

Ó ní, “Ṣebí ẹ wà níbẹ̀? Màá bi yín.”

Mo sunkún, Màmá. Mo sunkún débi pé ẹ̀kọ náà jóná. Lẹ́yìn náà, èmi àti rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ jáde, a ò jẹ́ kí àlejò kankan bá wa dá sí i. A ká rọ́ọ̀gì, a ká ẹní. Mo sọ fún un pé iwájú fèrèsé lẹ máa ń wò, ó ní ibẹ̀ náà ni kí bẹ́ẹ̀dì yín wà nígbà náà, kí ẹ lè rí ibi tí ó wù yín lò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Bàbá Àgbà dé, tí wọ́n rí i pé ilé ti ṣófo, wọ́n ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Àfi bí wọ́n ṣe rí Dàpọ̀ láàárín ilé gbalasa náà, tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, tí ọwọ́ rẹ̀ ò ba nǹkan kan. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri.

Dàpọ̀ tún gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Nínú ilé tí wọ́n ti bí i, ó yíjú sí ọ̀dọ̀ mi, ó ní, “Àǹtí mi, ibo ni mo wà?”

Mo lọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, “Ilé lo wà, Dàpọ̀. Ẹ̀gbẹ́ Màmá lo wà.”

Ó ti bèèrè, Màmá, mo sì dá a lóhùn. Màá máa dá a lóhùn ní gbogbo ìgbà tó bá bèèrè. Ẹ gbé ọwọ́ yín sílẹ̀ wàyí, Àjọkẹ́, abiyamọ tòótọ́. Kò sí ohun tó kù tí ẹ ó tún ṣe nílé yìí. Ẹ dùbúlẹ̀ síbi tí ọmọ yín ọkùnrin yàn fún yín, kí ẹ sì sùn re o.